Aginjù Kọ́, Ahoro Ni

Gbólóhùn kan kì í wọ́n nínú ìwé ìpolówó àwọn àgọ́ olówó gọbọi tí ó wà ní àbàtà Okavango, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Botswana. Ẹnu ilé-iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ń forí lé: pé ilẹ̀ tí àlejò ń bọ̀ wá sùn sí jẹ́ aginjù tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò kàn rí, pé bí Ẹlẹ́dàá ti dá a ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ó ṣì wà. Gbólóhùn náà dùn létí. Òun ni ó ń tú owó jáde lápò àwọn ará London, New York àti Johannesburg. Kí a má fi epo bọ iyọ̀, irọ́ ni. Kì í sì í ṣe irọ́ eré, nítorí pé àwọn kan wà tí ilé bàbá wọn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fún ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ dára. Ìlú Maun ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọ bàálù kékeré, èyí tí kì í gbà ju ènìyàn bíi méjìlá lọ. Àpò rírọ̀ ni wọ́n ń ní kí olúkúlùkù gbé, nítorí pé àpótí líle kò wọ inú ihò ẹrù rẹ̀. Kò pẹ́ tí bàálù bá gbéra tí ilé Maun tán nílẹ̀, tí omi sì bẹ̀rẹ̀. Omi náà kò rí bí odò, kò sì rí bí ọ̀sà. Ó pín yẹ́leyẹ̀lẹ bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà, ó yí àwọn erékùṣù kéékèèké ká, igi ọ̀pẹ sì dúró sórí wọn ní méjì ní mẹ́ta. Láti òkè yìí, agbo erin kò tóbi ju ewúrẹ́ lọ. Bàálù á balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí a ha ní àárín koríko, ọkọ̀ tí kò ní òrùlé á ti máa dúró, amọ̀nà á bọ àlejò lọ́wọ́, á sì bi í bóyá ó sinmi dáadáa.

Àgọ́ náà kì í pọ̀. Mẹ́fà, mẹ́jọ, tàbí méjìlá ni yóò jẹ́, a ó sì tò wọ́n sí etí omi lábẹ́ igi ńláńlá, kí ẹnì kan má baà rí ẹnì kejì. Bí àgbẹ̀ tí ó ti sùn nínú ahéré rí bá gbọ́ pé àgọ́ ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rín ni yóò fi ṣe. Orí pèpéle pákó ni ó dúró sí. Aṣọ tí ó ki ni wọ́n fi ta ògiri rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì onígi mẹ́rin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn funfun, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tí a lọ̀, àga aláwọ, omi gbígbóná, àti ọpọ́n ìwẹ̀ tí ó kọjú sí àbàtà kí àlejò lè máa wẹ̀ kí ó sì máa wo erinmi. Oòrùn ni ó ń fún un ní iná. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹnì kan á gbé kọfí wá sí ẹnu-ọ̀nà, á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ jí olówó lójú oorun. Ọjọ́ á lọ báyìí: wíwo kìnnìún ní òwúrọ̀, oúnjẹ, oorun ọ̀sán, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́, ọtí lọ́wọ́ bí oòrùn ti ń wọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àlejò kò gbọdọ̀ dá rìn láti ibi oúnjẹ padà sí àgọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ ni yóò gbé iná ṣáájú rẹ̀, nítorí erin lè wà lójú ọ̀nà. Fún gbogbo èyí, iye tí ẹnì kan ń san fún òru kan lè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là Amẹ́ríkà lọ, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní oṣù tí èrò pọ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè bínú sí ọpọ́n ìwẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara ẹni ni ìdí tí ẹni tí ó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ fi ń fẹ́ sùn nínú aṣọ nígbà tí bíríkì kò wọ́n. Èdè Swahili ni ọ̀rọ̀ náà safari ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìrìnàjò lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àwọn ọdẹ aláwọ̀ funfun ni àgọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Theodore Roosevelt, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àga ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣọdẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1909, ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláàárù ni ó ru àgọ́ àti ẹrù tẹ̀ lé e. Ìrántí ìgbà náà ni àgọ́ òde òní ń tà. Àgọ́ jẹ́ ilé ẹni tí ń kọjá lọ. Bí gbogbo ilé tí ojú rí lórí ilẹ̀ kan bá jẹ́ àgọ́, ohun tí ojú yóò gbà gbọ́ ni pé ilẹ̀ náà kò ní onílé. Aṣọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ohun tí ìwé ìpolówó sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí wọ́n ní ọwọ́ kò kàn yìí. Òjò tí ó ń rọ̀ sórí òkè ilẹ̀ Àǹgólà láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ó ń kún odò Cubango àti Cuito. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n gba Nàmíbíà kọjá, wọ́n sì wọ Botswana ní Mohembo. Omi náà kò rí òkun lọ. Orí iyanrìn Kalahari ni ó fọ́n ká sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin láti Mohembo dé Maun, ọ̀nà tí kò ju nǹkan bí 250 kìlómítà lọ. Nígbà tí ó bá fi dé, oṣù kẹfà tàbí ìkeje ti wọlé, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú káàkiri Botswana, àbàtà yìí nìkan ni ó kún. Ìdí nìyẹn tí ẹranko fi ń wọ́ wá síbẹ̀, tí àlejò sì ń wọ́ tẹ̀ lé ẹranko. Oòrùn àti ewé ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà gbẹ. Èyí tí ń ṣàn jáde kò tó nǹkan.

Amọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á máa sọ fún àlejò pé ikán ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù náà: ikán mọ òkìtì, omi kò lè bò ó, ẹyẹ ṣu èso sórí rẹ̀, igi hù, iyanrìn sì kó jọ sí ìdí igi. Á tún sọ pé erinmi ni ó ń la ọ̀nà omi, nítorí ibi tí ó bá ti ń rìn lójoojúmọ́, koríko kò ní lè dí i. Òtítọ́ ni ìtàn méjèèjì, wọ́n sì dùn ún gbọ́. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé a ka ikán kún àwọn tí ó kọ́ àbàtà náà, a ka erinmi kún wọn, a wá yọ ọmọ ènìyàn sílẹ̀.

Ta ni àwọn ọmọ ènìyàn náà? Àwọn Basarwa ti odò ni ó ṣáájú, àwọn tí ń jẹ́ Bugakhwe àti ǁAnikhwe, ọdẹ àti apẹja. Àwọn Wayeyi, tí àwọn Tswana ń pè ní Bayei, ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ. Àwọn HaMbukushu wà ní apá òkè odò. Àwọn Wayeyi ni wọ́n mú ọkọ̀ mokoro dé àbàtà náà, igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́, tí a ń fi ọ̀pá gígùn tì lórí omi tí kò jìn. Ọ̀nà omi tí koríko bá dí ni wọ́n ń là, koríko tí ó gbẹ ni wọ́n ń sun, etí omi tí ó ń fà sẹ́yìn ni wọ́n ń gbin àgbàdo àti ọkà bàbà sí kí ọ̀rinrin ilẹ̀ tó lọ. Òdòdó òṣíbàtà tí àlejò ń fi kámẹ́rà yà lórí ọkọ̀, oúnjẹ ni gbòǹgbò rẹ̀. Tswii ni wọ́n ń pè é, àwọn obìnrin a máa wọ inú omi lọ wú u, wọ́n a sì sè é pọ̀ mọ́ ẹran. Agbọ̀n aláràbarà tí ó wà lórí tábìlì àgọ́ olówó, imọ̀ ọ̀pẹ mokola ni wọ́n fi hun ún. Ìlú Etsha gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ náà, níbi tí àwọn HaMbukushu tí ogun lé kúrò ní Àǹgólà tẹ̀dó sí ní ìparí àwọn ọdún 1960. Àlejò jẹun nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó wọ ọkọ̀ wọn, ó ya oúnjẹ wọn ní àwòrán, ó sì padà sílé lọ sọ pé òun lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Irú ìfọ́jú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1849, David Livingstone dé adágún Ngami, níbi tí omi Okavango ń parí sí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó kọ ọ́ pé ó ṣàwárí adágún náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1857, ó kọ nípa àwọn ènìyàn tí ó bá lórí odò, nínú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ wọn. Ẹni tí a bá nílé kò sọnù, báwo ni a ṣe ń ṣàwárí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Moremi ni ó wá ta kókó jù. Ọgbà ẹranko Moremi ni ó gba apá kan pàtàkì nínú àárín àbàtà náà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ so orúkọ yìí pọ̀ mọ́ Mọremí Ilé-Ifẹ̀. Ọba Moremi Kẹta ti àwọn Batawana ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn méjèèjì kò sì jẹ́ nǹkan kan fún ara wọn.) Ní 1963 ni àwọn Batawana pinnu láti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, nígbà tí Elizabeth Pulane Moremi, opó ọba náà, ń dele de ọmọ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìbọn àwọn ọdẹ àjèjì ń pa ẹranko run. Ohun ìwúrí ni, nítorí pé kì í ṣe ìjọba amúnisìn ni ó dá ọgbà yìí sílẹ̀ bí ó ti dá ọ̀pọ̀ mìíràn. Àwọn ìwé ìpolówó kì í gbàgbé apá yìí. Apá kejì ni wọ́n ń gbàgbé: Basarwa Bugakhwe ń gbé nínú ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ náà, a sì ní kí wọ́n kó jáde. Ìlú Khwai, lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà àríwá ọgbà náà, ni ọ̀pọ̀ wọn wà títí di òní. Maitseo Bolaane, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Botswana, ti ṣe iṣẹ́ pípé lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìtàn náà ṣòro láti rí. Batawana tí ó ní ilẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ni ó jókòó ní ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó ń gbé orí ilẹ̀ kò ní ohùn níbẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Ibi tí a kò gbé rí ni aginjù. Ibi tí a gbé rí, tí a kó kúrò, tí igi wá ń hù níbi ìdáná, ahoro ni. Ẹni tí ó bá ń rìn nínú Moremi ń rìn nínú ahoro, bí erin tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ti onígírámà nìkan. Kò sí ẹni tí a jẹ ní gbèsè nínú aginjù, ṣùgbọ́n gbogbo ahoro ni ó ní ọmọ níbì kan.

Àwọn tí ń gbèjà àgọ́ olówó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní láti 1990, nígbà tí ìjọba Botswana gbé ìlànà ìrìnàjò afẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, àlejò díẹ̀ tí ó ń san owó púpọ̀ ni orílẹ̀-èdè náà yàn, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ àbàtà náà bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí ogún ọkọ̀ ti yí kìnnìún kan ká ní àwọn ọgbà mìíràn yóò mọ rírì rẹ̀. Wọ́n ní àgọ́ ń fún àwọn ará ìlú níṣẹ́, pé àwọn ìlú kan ní ẹgbẹ́ tí ń gba owó lórí ilẹ̀ tí àgọ́ wà. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n Joseph Mbaiwa, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ìrìnàjò afẹ́ ní Maun, kọ ọ́ ní 2005 pé ìrìnàjò afẹ́ ibẹ̀ dà bí ọgbà tí a sé mọ́ àárín ìlú: àjèjì ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ owó rẹ̀ ń padà sí, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré sì ni ó ń já mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Nǹkan bí 130,000 erin ni ó wà ní Botswana. Erin tí àlejò ń wò láti inú ọpọ́n ìwẹ̀ lónìí lè wọ oko àgbẹ̀ kan lọ́la kí ó jẹ àgbàdo ọdún kan tán lóru. Àgbẹ̀ náà kò sí nínú àwòrán.

Bí a tilẹ̀ gbà pé owó náà pọ̀ tó, tí ó sì dé ọwọ́ ẹni tí ó yẹ, ṣé owó ni ó sọ ọ́ di dandan kí a purọ́? Ilẹ̀ náà kò ní di ẹlẹ́gbin nítorí pé a sọ fún àlejò pé ènìyàn gbé e. Nígbà tí àjọ UNESCO fi àbàtà Okavango kún àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2014, tí ó sì jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún nínú wọn, abẹ́ ìsọ̀rí ìṣẹ̀dá ni wọ́n kọ ọ́ sí. A kò kọ ọ́ sábẹ́ àṣà pẹ̀lú. Irọ́ ìwé ìpolówó ti wá wọ ìwé ayé báyìí, bí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tí ń wọ ilé ẹjọ́ nípasẹ̀ ìwé ẹ̀rí.

Èyí tí ó yẹ kí ó dun àwọn olólùfẹ́ èdè jù lọ ni ti orúkọ. Àwọn Wayeyi ní èdè tiwọn, Shiyeyi, èdè Bantu tí ó ní ìró ahọ́n tí a ń ta pọ́ bí ti àwọn Basarwa. Lábẹ́ àwọn Batawana, ọ̀pọ̀ wọn gbé bí ẹrú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira 1966, Setswana àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èdè tí ilé-ẹ̀kọ́ Botswana gbà. Ọmọdé sì ti di àwátì láàárín àwọn tí ń sọ Shiyeyi. Àwọn ọmọ Wayeyi kò ká ọwọ́ gbera: wọ́n dá ẹgbẹ́ Kamanakao sílẹ̀ ní 1995 láti gbé èdè àti àṣà wọn ró, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí òfin oyè, ilé ẹjọ́ gíga sì dá a ní 2001 pé òfin náà kò bá gbogbo ẹ̀yà lò dọ́gba. Àlejò tí ó sùn fún òru mẹ́ta nínú àgọ́ ní ojúlówó ilẹ̀ wọn lè padà sílé láìmọ̀ pé èdè kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹyẹ tí ó wà lórí tábìlì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ idì apẹja, ti ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tí ń gun eésún, ti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. A sì ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ! Àwọn tí ó ti wo ilé náà fún igba ọdún ti sọ gbogbo wọn lórúkọ, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ti ń lọ sí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan sì ń kọ ìrìn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ ní Yorùbá, ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọn yóò kàn gbé ọ̀rọ̀ ìwé ìpolówó wọ aṣọ òfì: aginjù tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ rí, igbó tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Lítíréṣọ̀ Yorùbá kò mọ irú igbó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Àkàrà-oògùn wọ inú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, kò sí ìbùsọ̀ kan tí ọdẹ náà dé tí kò bá ẹnì kan tí ó ní orúkọ, tí ó ní ibùgbé, tí ó sì ń bi í ní ohun tí ó wá ṣe. Ọdẹ tí ń sun ìjálá kì í rí ẹfọ̀n lásán. Ó mọ oríkì rẹ̀, ó mọ ẹni tí ẹfọ̀n pa àti ẹni tí ó pa ẹfọ̀n. Ẹni tí a fi irú ojú báyìí wo igbó bí, tí ó wá dé Okavango, tí ó fi ojú olówó New York wò ó, ó gbé ojú tirẹ̀ sílé ni.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìwé ìpolówó yọ gbólóhùn náà kúrò. Kí orúkọ Shiyeyi àti ti Khwe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ẹyẹ orí tábìlì, kí a sì san owó fún àwọn àgbà tí yóò kà wọ́n sílẹ̀. Kí amọ̀nà ní àyè láti fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi ìdáná àtijọ́ bí ó ti ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn àgọ́ tí ó lè gbé ọpọ́n ìwẹ̀ fi bàálù sọdá àbàtà kò lè sọ pé àwọn kò rí owó ìwé.

Níwọ̀n ìgbà tí èyí kò tíì ṣẹ, àlejò fúnra rẹ̀ ṣì lè la ẹnu. Nírọ̀lẹ́, lórí mokoro, nígbà tí omi bá dákẹ́ tí ọ̀pá kan ṣoṣo náà ń wọ inú rẹ̀ tí ó ń jáde, ẹni tí ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ á sọ orúkọ òdòdó tí wọ́n ń gbà kọjá ní Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti kọ́ ọ. Kí àlejò yíjú padà, kí ó bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Lẹ́yìn náà kí ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, nítorí ìdáhùn náà lè gùn.